Iyọ̀ Olómi Ìlú Houston àti Irin Tí Ń Mí

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn tàbí Èkó pẹ́ mọ ìró jẹnẹrétọ̀ tó ń họ́ǹtì. Ẹ̀rọ náà á ké sókè, gílóòbù á tàn yòò. Kò ní pẹ́, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, iná á ṣe bàìbàì. Á tún ké. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nǹkan tó ń gbé kò pọ̀ sí i, kò dín kù, síbẹ̀ kò lè dúró lójú kan. Mẹkáníìkì á ní kábúrétọ̀ ló dọ̀tí, á tú u, á fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Irú họ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, àmọ́ níbi tí ojú kì í tó: nínú abọ́ kékeré tí àwọn onímọ̀ ti ń fi iná mànàmáná gbé irin lé ara irin. Iná lè máa wọlé déédé, kí ẹnikẹ́ni má yí nǹkan kan, kí fọ́ltéèjì inú abọ́ náà sì máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn ṣe ń wú tó ń fọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú omi. Ibi tó ti ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni inú iyọ̀ olómi, ìyẹn iyọ̀ tó ń ṣàn bí epo láìjẹ́ pé wọ́n bu omi sí i, láìjẹ́ pé wọ́n gbé e kaná. Ìlú Houston sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gbé alumíníọ̀mù jáde láìdáná.

Kí èèyàn tó mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kó mọ wàhálà tó wà nídìí alumíníọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fàdákà bo ṣíbí, yóò so ṣíbí náà mọ́ wáyà nẹ́gétíìfù, yóò rì í sínú omi tí wọ́n ti yọ́ iyọ̀ fàdákà sí. Inú omi yẹn ni àwọn áyọ́ọ̀nù fàdákà wà, ìyẹn ẹyọ fàdákà tíntìntín tí elektrọ́ọ̀nù kan ti bọ́ lára wọn. Wọ́n á rìn dé ara ṣíbí, wọ́n á gba elektrọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wá, wọ́n á di fàdákà gidi níbẹ̀. Bàbà gbà bẹ́ẹ̀, wúrà gbà bẹ́ẹ̀, nickel àti zinc náà gbà. Alumíníọ̀mù kọ̀. Agbára tí wọ́n nílò láti sọ ọ́ di irin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé omi fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Gáàsì háídrójìn á máa hó jáde, iná á máa lọ, ṣíbí á sì wà bó ṣe wà.

Ohun tí ayé ń ṣe láti 1886, nígbà tí Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé ṣàwárí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí wọ́n yọ́ eruku alumíníọ̀mù tó ti gba ọ́síjìn sára sínú iyọ̀ tó ti di omi nínú iná tó tó 960 dígírì, kí wọ́n tó ti iná mànàmáná sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ VALCO ní Tema, ní Ghana, ṣe ń ṣe é láti 1967 pẹ̀lú iná odò Volta tí wọ́n sé ní Akosombo. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Ìkọ́t Àbásì sí ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, tí wọ́n ṣí ní 1997. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kó alumíníọ̀mù jọ ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Kò wúlò rárá fún ẹni tó fẹ́ fi alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ bo nọ́ọ̀tì kan tí kò ní jẹ́ kó dípẹtà, nítorí ooru yẹn á ba irin nọ́ọ̀tì náà jẹ́, alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á sì yọ́, torí pé 660 dígírì péré ló ti ń yọ́.

Frank Hurley àti Thomas Wier ló gbé ìṣòro yìí ka iwájú ní Rice Institute, ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí ní Houston ní 1912 pẹ̀lú owó tí oníṣòwò William Marsh Rice fi sílẹ̀, tó sì di Rice University ní 1960. Wọ́n po ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù klóráìdì mọ́ iyọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ ethylpyridinium bromide, ìwọ̀n méjì ti àkọ́kọ́ sí ìwọ̀n kan ti èkejì. Gbígbẹ ni èyí, gbígbẹ ni tọ̀hún. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n di omi, wọn kò sì dì padà nígbà tí wọ́n tutù bí afẹ́fẹ́ inú yàrá. Wọ́n ti iná sínú rẹ̀, alumíníọ̀mù sì jáde. Ní 1948, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ onímọ̀-ẹ̀rọ lórí rẹ̀. Ní 1951, àkọsílẹ̀ wọn méjì jáde tẹ̀ léra nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀lẹ́ktrókẹ́mísírì.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí Yorùbá tó ń gbọ́ ìtàn yìí ní Houston gbójú fò. Ní gbogbo àsìkò tí Hurley àti Wier ń po iyọ̀ wọn, ìwé tí wọ́n fi dá Rice sílẹ̀ sọ pé àwọn aláwọ̀ funfun Houston àti Texas ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ó di àárín àwọn ọdún 1960 kí ẹnu-ọ̀nà náà tó ṣí fún ènìyàn dúdú. Raymond Johnson, onímọ̀ ìṣirò, ni akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1969. Ìmọ̀ tó tibẹ̀ jáde jẹ́ ti gbogbo ayé lónìí. Èyí kò pa òtítọ́ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn kan rẹ́.

Kí ló dé tí iyọ̀ fi lè di omi láìdáná? Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 801 dígírì. Áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kéré, wọ́n rí roboto, wọ́n sì ń to ara wọn jọ bí òkúta ayò tó wà nínú ihò rẹ̀, wọ́n di ara wọn mú pinpin. Àwọn áyọ́ọ̀nù inú iyọ̀ olómi tóbi, ìrísí wọn sì rí gbágungbàgun. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti to iṣu, àga àti bẹ́ǹbẹ́ sínú búùtù mọ́tò kan náà mọ bó ṣe ń rí: ààyè á máa ṣẹ́ kù níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹrù á máa yẹ̀. Nítorí pé wọn kò lè tò gún, wọn kò lè dì. Onímọ̀ kẹ́mísírì kan tó ń jẹ́ Paul Walden ti rí ọ̀kan irú rẹ̀ ní 1914, ethylammonium nitrate, tó ń yọ́ ní dígírì 12. Àmọ́ Walden kò fi gbé irin kankan. Houston ni iṣẹ́ ti kan iyọ̀ olómi.

Iyọ̀ Hurley àti Wier ní ìyọnu tirẹ̀. Bí ó bá ti fojú kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín kíkan tó ń ta imú. Afẹ́fẹ́ Houston sì rin bíi ti Èkó lóṣù kẹfà. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí iṣẹ́ náà fi dùbúlẹ̀ fún bí ogún ọdún ó lé. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Robert Osteryoung ní Colorado State University gbé e dìde, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Colorado Springs, tí wọ́n ń wá bátìrì tí kò ní nílò ooru púpọ̀. John Wilkes àti Charles Hussey fi irú áyọ́ọ̀nù tó sàn jù rọ́pò ti Houston ní 1982, ìdílé imidazolium. Ní 1992, Wilkes àti Michael Zaworotko gbé èyí tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè tètè bà jẹ́ jáde. Láti ìgbà náà ni yàrá ìwádìí káàkiri ayé ti ń lo iyọ̀ olómi.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí 1951, nítorí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Ní Moscow, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Boris Belousov po ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ bromate àti cerium nínú ife. Àpòpọ̀ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó mọ́ gaara, ó tún pọ́n, ó tún mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìmọ̀. Olóòtú dá a padà: kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife kì í lọ kó tún bọ̀. Àkọsílẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ló rí tẹ̀ jáde, ní 1959. Anatol Zhabotinsky, akẹ́kọ̀ọ́ tó kéré sí i púpọ̀, ló tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ láti 1961, tó sì fi han ayé pé òótọ́ ni. Nígbà tí ìjọba Soviet fi ẹ̀bùn Lenin dá wọn lọ́lá ní 1980, Belousov ti kú láti 1970.

Ó dunni, ó sì dunni jù nítorí pé kì í ṣe ohun tuntun rárá. Láti 1828 ni Gustav Fechner ní Jámánì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin tí wọ́n rì sínú omi kíkan tó ní fàdákà máa ń ṣe báyìí, á sì ṣe bọ́hùn-ún, lálọ-lábọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, Wilhelm Ostwald rí chromium tó ń yọ́ sínú ásíìdì pẹ̀lú ìdánudúró, tí gáàsì rẹ̀ ń jáde ní ìgbà, tó ń dúró ní ìgbà. Àwọn onímọ̀ ń rí i, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń kà á sí àbùkù irinṣẹ́. Ẹni tó wá fi ìṣirò là á fún ayé ni Ilya Prigogine, ará Belgium tí wọ́n bí ní Moscow ní 1917, tó pín àsìkò rẹ̀ sí Brussels àti University of Texas ní Austin, ìrìnàjò bíi wákàtí mẹ́ta sí Houston. Ó fi hàn pé ibi tí agbára bá ti ń wọlé tó sì ń jáde láìdúró, ètò lè dá ara rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ìlù tó ń lu déédé. Ẹ̀bùn Nobel 1977 ni wọ́n fún un nítorí rẹ̀.

Ohun tí ìlù yìí ń fẹ́ kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ kò ju méjì lọ: ohun kan tó ń yára, àti ohun kan tó ń pẹ́ dé. Jẹnẹrétọ̀ tó ń họ́ǹtì ní méjèèjì. Ẹ̀ńjìnnì ń yára gbéra, ẹ̀rọ tó ń dín epo kù sì ń pẹ́ kó tó fèsì. Nígbà tó bá máa fi dín in kù, ẹ̀ńjìnnì ti kọjá ààyè rẹ̀. Nínú abọ́ onífàdákà, bí iná bá ti ń pàṣẹ pé kí iye elektrọ́ọ̀nù kan pàtó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, áyọ́ọ̀nù tó wà nítòsí á tán kíákíá, àwọn tó wà lókèèrè kò sì tíì dé. Fọ́ltéèjì á yọ̀ lọ sí ìhà tí omi ti lè fọ́. Háídrójìn á hó, ìhó náà á ru omi náà sókè, áyọ́ọ̀nù tuntun á gbá wọlé, fọ́ltéèjì á padà sípò, ìhó á dáwọ́ dúró. Ebi á tún pa ojú irin. Gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni iyọ̀ olómi ti yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni pàtàkì ọ̀rọ̀ wà. Nínú iyọ̀ olómi tó gbẹ dáadáa, kò sí omi tí yóò fọ́, kò sí háídrójìn tí yóò hó. Ẹni tó bá rí fọ́ltéèjì tó ń gòkè tó ń sọ̀ níbẹ̀ kò lè di ẹ̀bi ru ìhó gáàsì. Ó gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ nínú ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nínú ìwà irin àti áyọ́ọ̀nù fúnra wọn. Mẹ́ta nínú àwọn ìdí wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n dárúkọ.

Èkíní ni ebi. Nínú iyọ̀ tí Houston bẹ̀rẹ̀, irú áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló lè fi alumíníọ̀mù sílẹ̀, èyí tó ní alumíníọ̀mù méjì àti klórínì méje. Mẹ́rin rẹ̀ ni wọ́n ń ná kí ẹyọ alumíníọ̀mù kan tó jáde, méje irú mìíràn tí kò lè fi irin sílẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà lérè. Ẹ wo òwò náà: ohun tó wúlò ń tán lójú irin, ìdọ̀tí ń kún ibẹ̀, iyọ̀ olómi sì nípọn ju omi lọ, òmíràn ní ìlọ́po mẹ́wàá, òmíràn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìrànwọ́ ń pẹ́ dé. Bí iná bá le jù, alumíníọ̀mù kò ní tẹ́ mọ́, yóò máa yọ ẹ̀ka bí igi tó ń wá oòrùn.

Èkejì ni ilẹ̀kùn. Onímọ̀ ti fi irú maikirosíkóòpù kan tó ń fi abẹ́rẹ́ tẹ nǹkan wò rí i pé, lójú irin, áyọ́ọ̀nù iyọ̀ olómi máa ń tò ní ìpele-ìpele bí àwo tí wọ́n gbé lérí ara wọn. Irin tó fẹ́ balẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá. Bí wọ́n bá ti ń fi kún agbára nẹ́gétíìfù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn áyọ́ọ̀nù ńlá tó jẹ́ pọ́sítíìfù ń lẹ̀ mọ́ ojú irin sí i. Èèyàn ń ti ilẹ̀kùn kí ó lè ṣí, àtìti náà ni ó sì ń mú un há. Àwọn tó mọ ìṣirò họ́ǹtì dáadáa mọ̀ pé ibi tí títi púpọ̀ bá ti ń bí ìṣàn kékeré, ìlù kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà ní ìhà kejì abọ́ náà, níbi tí alumíníọ̀mù ti ń yọ́ sínú iyọ̀ kí iyọ̀ má bàa gbẹ. Bí ó bá ń yọ́ jù, alumíníọ̀mù klóráìdì á pọ̀ ju èyí tí iyọ̀ lè gbà, á sì dì bò ó lára bí ẹ̀fun. Ìṣàn iná á já wálẹ̀. Nígbà tó bá já, iyọ̀ á ráyè fọ ẹ̀fun náà kúrò, ìṣàn á sì tún lè gbérí.

Àǹfààní rẹ̀ ńkọ́? Ní 1998, Jay Switzer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rolla, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ti iná tí kò yí padà sínú omi bàbà kan. Fọ́ltéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ọmọdé lórí jàngírọ́fà. Wọn kò pa á. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó bo irin náà, wọ́n bá ìpele lórí ìpele: bàbà, lẹ́yìn náà bàbà tó ti gba ọ́síjìn sára, lẹ́yìn náà bàbà, gbogbo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé wọ́n ní láti fi nanomita wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá mọ bí aṣọ òfì ṣe ń ní ìlà mọ̀ pé ahunṣọ ló ń pààrọ̀ òwú. Níbí, kò sí ahunṣọ. Ìmí abọ́ náà ló ń pààrọ̀ òwú fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá sì yí ìwọ̀n iná tàbí ìkan omi náà padà, fífẹ̀ ìlà náà á yí padà. Ní Osaka, Shuji Nakanishi àti Yoshihiro Nakato lo irú ìmí bẹ́ẹ̀ láti mú kí tánńganran hù bí àwọ̀n tó gún régé, tí ẹ̀rọ kankan kò gé.

Omi ni wọ́n fi ṣe àwọn wọ̀nyí. Ohun tí iyọ̀ olómi lè fi kún un ni àwọn irin tí omi kì í jẹ́ kó jáde, alumíníọ̀mù ni aṣáájú wọn. Bí èèyàn bá lè kọ́ abọ́ Houston láti mí bó ṣe yẹ, ó lè rí alumíníọ̀mù tó ní ìpele bí òfì, tí yóò sì dáàbò bo irin dáadáa ju bíbò lásán lọ. Ìrètí ni èyí, iṣẹ́ ṣì pọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ ìrètí tó ní ìpìlẹ̀ ni.

Houston kì í ṣe ìlú tó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Páìpù epo ló gbé e ró. Ibẹ̀ ni ibùjókòó ẹgbẹ́ tó ń bá ìpẹtà irin jà wà, NACE, tí onímọ̀-ẹ̀rọ mọ́kànlá dá sílẹ̀ ní 1943, tó sì di AMPP ní 2021. Ní University of Houston, Dan Luss fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ooru ṣe ń fì síwá sẹ́yìn lójú irin tó ń mú kẹ́míkà yára. Stanko Brankovic níbẹ̀ sì ti ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ irin ní ìpele átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ iyọ̀ 1951 náà ti dé ilé iṣẹ́ ńlá: ní 2021, Chevron bẹ̀rẹ̀ sí í lo iyọ̀ olómi oníalumíníọ̀mù klóráìdì ní ilé ìfọpo rẹ̀ ní Salt Lake City, dípò ásíìdì háídrófúlórìkì tó lè pa èèyàn bí ó bá jò. Ní Stanford, Hongjie Dai àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi iyọ̀ ìdílé yìí ṣe bátìrì alumíníọ̀mù ní 2015, tó gba iná tó sì tú u sílẹ̀ ní ìgbà 7,500 láìrẹ̀yìn púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà ní Houston tó ń ka kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ sì wà ní Ifẹ̀, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin tó ń jókòó ti ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù fọ́ltéèjì. Wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú wọn pé gíráàfù tó ń gbọ̀n jẹ́ gíráàfù tó bàjẹ́. Nígbà míràn, ó bàjẹ́ lóòótọ́: wáyà lè ti tú, ọ̀rinrin lè ti wọ iyọ̀. Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí wọ́n gbé ooru sókè díẹ̀, kí wọ́n ro àpòpọ̀ náà, kí wọ́n dín iná kù. Wáyà tó tú á máa gbọ̀n ṣákálá, kò ní ìlànà. Ìmí gidi á yára tàbí á falẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí nǹkan wọ̀nyẹn, á sì padà síbi tó wà bí wọ́n bá dá wọn padà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni sí akẹ́kọ̀ọ́ àti sí olùkọ́ rẹ̀: ẹ má ṣe pa gíráàfù náà rẹ́ kó tó ìgbà yẹn. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ ìwọ̀n ooru àti ìwọ̀n iná sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì tí ẹlòmíràn lè ṣí.